Ẹran Iléyá tí Mo Fi Wáyà Rán sí Ọ

Ìdí-Ẹmi,
Lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó,
Ọjọ́ Àlàmísì, ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn Iléyá.

Àjíbíkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó máa bá ọ gbé ní Máfòlúkù. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé orí fífọ́ tó máa ń dà ọ́ láàmú lásìkò òjò ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa níhìn-ín wà, a ò kú, a ò sì sàn ju bí o ṣe fi wá sílẹ̀ lọ. Ọlọ́hun Ọba tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́ kò ní gbé yín mì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rín àti oúnjẹ gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí ọ, Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kó rí i ṣe. Ṣe àmín sí ìyẹn dáadáa kí o tó kà síwájú.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màámi kò pè mí, tó jẹ́ lẹ́tà ló kọ bíi ti ayé àtijọ́. Mo ti búra pé mi ò ní fọwọ́ ara mi pè ọ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lóṣù tó kọjá. Àkọ́kọ́, o ní o wà ní mítìn. Ìkejì, o ní o ń bọ̀ wá pè mí padà, mo jókòó ti fóònù títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Ìkẹta, o ní Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ yín. Ìwọ, Àjíbíkẹ́! Ìwọ tí gbogbo Ìdí-Ẹmi mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ni iṣẹ́ rẹ! Ṣé alágbẹ̀dẹ ni yóò ní òun ò rí ọ̀bẹ gé iṣu? Mo pa fóònù náà, mo gbé e sínú ìkòkò, mo fi ọmọrí dé e. Ìwé tí mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo fi kọ eléyìí fúnra mi, Oyèlékè ni yóò sì mú un wá fún ọ. Ìdí tó fi jẹ́ Oyèlékè, o ó bá a níwájú.

Bàbá rẹ kí ọ. Ìbàdí ń dùn ún, àmọ́ kò jẹ́ sọ, àfi tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó mú nǹkan nílẹ̀ ni o ó gbọ́ tí yóò máa pe orúkọ Ọlọ́hun. Ewúrẹ́ alámì funfun bí méjì, ọ̀kan kú. Ṣàmsúdéènì, àbúrò bàbá rẹ tó ń ṣe bàtà, kí ọ pẹ̀lú. Ìyá Súnkànmí ará ilé kejì náà kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ìkíni ire ni. Súnkànmí rẹ̀ tó ń wa tírélà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀ yẹn wálé Iléyá, ó sì ra búrẹ́dì gígùn kan bọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé búrẹ́dì náà lérí, ó kọjá níwájú ilé mi lẹ́ẹ̀mejì. Àjíbíkẹ́, ọ̀nà ilé Ìyá Súnkànmí kò gba iwájú ilé mi kọjá rárá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Orí wáyà ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a kàn rí àwọn ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ń gbẹ́ kòtò bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo rò pé omi ẹ̀rọ ni ìjọba ń gbé bọ̀, ni mo bá ti gbé korobá mẹ́ta síta kí n lè wà níwájú. Olórí wọn, tí í ṣe Oyèlékè yìí, ló wá bi mí pé Ìyá, kí ni korobá ń ṣe níbí, ó wá fi wáyà hàn mí. Ó ní inú wáyà yẹn, gíláàsì ni, gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá ihò kékeré kan lu sí i ní ẹnu ọ̀nà mi, kí díẹ̀ lè máa yọ, torí iná wa ò dúró. Oyèlékè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ni wáyà náà fẹ́ so pọ̀: ti àwọn tíṣà, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti pólì tó wà lápá òdìkejì. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú wọn tí apá rẹ̀ lè ká a, ni wọ́n bá pawọ́ pọ̀, bí ìgbà tí agbo ilé mẹ́ta bá gbẹ́ kànga kan. Ó ní bí tíṣà kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ bá ń ṣe ìwádìí àrùn tó ń pa ewé ẹ̀gẹ́, tó ya fọ́tò ewé náà lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ó tó sín tán, àwọn ti pólì ti ń wò ó. Mo bi í pé bí ìwé wọn bá wá pọ̀ tó ẹrù tírélà ńkọ́? Ó ní yóò dé. Mo ní kò ní há lọ́nà? Ó ní kò ní há. Fi ìyẹn sọ́kàn o, torí òun ló kó mi sí ìjọ̀ngbọ̀n.

Mo bi í pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Ó ní ọ́fíìsì àwọn wà ní Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà, pé ọ̀gá àwọn níbẹ̀, obìnrin ni, Ẹnjiníà Àjíbíkẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Hẹ̀n! Ara mi yá gágá. Mo ní èmi ni mo bí i. Ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù ọsàn rẹ̀, mo sì wo apá ilé Ìyá Súnkànmí bóyá ó ń wò. Ó ń wò. Láti ọjọ́ náà ni Oyèlékè àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀rọ kan wà níwájú yín ní Ìsọlọ̀, bí nǹkan bá ṣe wáyà yìí bó ti wù kó kéré mọ, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì mọ iye ìṣísẹ̀ tó jìnnà sí. Mo ní bí ewúrẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ó ní bó bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó dùn ún, ọ̀gá á mọ̀. Ìyẹn ni pé ewúrẹ́ èmi Ìsíátù ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti Ìsọlọ̀, Ìsíátù fúnra rẹ̀ ni kò ní.

Ibi tí ó ti ń jẹ ẹ̀bà mi ni ẹnu rẹ̀ ti já sí ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ọ̀gá àwọn mọ agbègbè yìí gan-an, pé ní kété tí wọ́n túnu ààwẹ̀ tán ni wọ́n wá wọn ilẹ̀ fúnra wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀, wọ́n sì sùn níbẹ̀ ọjọ́ méjì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀, Àjíbíkẹ́! Èèyàn ò ní jẹ àgbàdo méjì tán lórí ọ̀kadà kó tó ti ibẹ̀ dé ilé wa! Mi ò jẹ́ kí Oyèlékè rí ojú mi, mo wọ inú ilé lọ, mo sọ pé èéfín ni. Mo jowú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí o lè kà á: èmi àgbàlagbà yìí, mo ń jowú ilé ìwé. O sùn níbẹ̀, o ò sùn lọ́dọ̀ mi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò lóyún rẹ, tí kò gbé ọ pọ̀n nínú òjò lọ sí dípẹ́ńsárì nígbà tí èéyi mú ọ. O wá ń so kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n lè máa gbọ́ ara wọn kíá, kíá. Láàárín ìwọ àti èmi, ta ló gbẹ́ kòtò?

Wọ́n tún gbé fọ́ọ̀mù kan wá, pé gbogbo ẹni tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ bí mo ṣe jẹ́ sí iṣẹ́ náà, mo kọ ọ́ pé ìyá ọ̀gá wọn ni mí. Níbi tí wọ́n ti bi mí pé kí ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ mi tàbí tó bà jẹ́ fún mi, mo kọ ọ́ pé ọmọ mi. Oyèlékè kà á, ó họ orí. Ó ní Ìyá, fọ́ọ̀mù yìí ò gba ọmọ o, igi eléso àti ògiri ló gbà. Mo bá fi ìpawérẹ́ pa ọ́ rẹ́, mo kọ ìbẹ́pẹ sí i. Ìbẹ́pẹ náà ṣì wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àmọ́ mi ò mọ igi mìíràn tí mo lè fi dípò rẹ.

Iléyá wá dé. O ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí o wá, pé ẹ gbọ́dọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ náà kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wọlé. Mo ní kò burú, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Àgbò tí bàbá rẹ rà kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ mo yọ ìhà sọ́tọ̀ fún ọ bí mo ṣe ń yọ ọ́ lọ́dọọdún, mo yan án, mo gbé e sórí àjà. Ní ọjọ́ kejì ọdún ni Ṣàmsúdéènì ní kí n wá wo nǹkan lórí fóònù òun. Ìwọ ni mo rí. O wọ léèsì funfun, o kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan nínú ilé alábẹ̀bẹ̀ mẹ́ta kan ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀ kan náà, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká rẹ, ẹran wà lẹ́nu rẹ, ẹnu rẹ ń dán fún òróró. Ṣàmsúdéènì ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní o kọ ọ́ pé: Ìyá mi l'Ékòó.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní kó fi ìka fẹ àwòrán náà, kó tóbi. Mo wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣàmsúdéènì ní ìyàwó ọ̀gá àgbà yín ni, Mọ́mì Ashraf ni wọ́n ń pè é, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni o máa ń jẹun lópin ọ̀sẹ̀, òun náà ló sì rán léèsì yẹn fún ọ. Ó dáa. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Awọ ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tí kò tíì dáná igi rí láyé. Bóyá tírò ló fi fa irun ojú yẹn, àbí bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bi í fún mi. Bi í pé ọmú wo ni Àjíbíkẹ́ kọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ọmú òsì ni. Bí kò bá mọ ìyẹn, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká rẹ. Bàbá rẹ ní obìnrin, ṣe ló yẹ kó o dúpẹ́ pé ẹnì kan ń tọ́jú ọmọ rẹ. Mo ní èmi náà mọ̀ pé ó yẹ kí n dúpẹ́, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán.

Iwájú ilé wa gan-an ni ihò kan wà tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ, tí wọ́n fi irin dé, inú rẹ̀ ni wọ́n ká wáyà jọ sí. Mo rántí ohun tí Oyèlékè sọ nípa ewúrẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí mú ọmọ odó lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo fi ń kan irin náà, gbì, gbì, gbì, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì dúró. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yín sọ fún ọ pé ìyá rẹ jí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣe é, o ò dá mi lóhùn. Ìyá Súnkànmí ti ń bi àwọn èèyàn bóyá ara mi le.

Ní ọjọ́ kẹwàá mo ronú. Mo ní ohùn ò tó, kí n fi nǹkan ránṣẹ́. Mo sọ ìhà àgbò náà kalẹ̀ láti orí àjà, mo fi ewé eéran pọ́n ọn. Mo wá mú owó ẹyọ méjì tí ìyá tèmi fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, mo dojú wọn kọra, mo fi okùn dè wọ́n mọ́ ẹran náà. O mọ àrokò yẹn. Bí wọ́n bá dojú kọra, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé nìyẹn, má wá mọ́. Ṣebí mo fi í sínú àpò gààrí rẹ nígbà tí o wà ní bọ́dìn ní Ẹdẹ, tí kò pé ọjọ́ méjì tí o fo ògiri, mo kàn rí ọ lẹ́yìn ilé, ò ń rẹ́rìn-ín. Mo nà ọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò tíì rí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo fi ẹnu ọkọ́ jálẹ̀kùn irin náà, mo ṣe bísímílà, mo so ẹran mọ́ wáyà ní apá tó kọjú sí Èkó. Mo ní bí ẹrù tírélà bá lè kọjá láìhá, ìhà àgbò kan ò lè há. Mo ní kó tó di ìrun alásárì yóò ti dé Ìsọlọ̀, wọn ó gbé e fún ọ lórí tábìlì, o ó sì mọ̀ pé ẹran tó wà lẹ́nu rẹ nínú àwòrán yẹn, kì í ṣe tìrẹ. Èyí ni tìrẹ.

Ẹran ò lọ. Eku ló wá. Mi ò ro ti eku rárá, Ọlọ́hun ló mọ̀. Eku jẹ ẹran, wọ́n jẹ ewé, nígbà tí wọ́n jẹ ìyẹn tán wọ́n kọjú sí wáyà. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, mo rí ọ̀kadà tó gbé Oyèlékè dé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó rìn tààrà wá síwájú ilé mi. Ó ní wọ́n ti rí i láti Ìsọlọ̀ pé ibí ni. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dákẹ́ láti òru, pé ewé ẹ̀gẹ́ tí tíṣà kan ń fi ránṣẹ́ dúró sójú kan, kò lọ, kò bọ̀, pé àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà jókòó wọ́n ń wo ara wọn. Ó ṣí ihò. Ó fa egungun ìhà yọ. Ó fa okùn yọ, ó sì kó owó ẹyọ jáde. Ó wò mí. Èmi ń wo igi ìbẹ́pẹ.

Mo ní eku ni. Kì í ṣe irọ́, Àjíbíkẹ́, eku ni. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí bẹ́ẹ̀ títí, ni mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí léèsì funfun dé orí ọkọ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú àpò, ó gé ibi tí eku jẹ kúrò, ó fi iná jó ẹnu gíláàsì méjèèjì pọ̀, ó ní wáyà náà kò ní mọ̀ pé òun já rí. Ó ní òfin ni kí àwọn ya ohun tó bá ba wáyà jẹ́ ní fọ́tò, kí àwọn fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ti owó ẹyọ pamọ́. Ó ti yà á tán.

Ìgbà tó pè ọ́, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ tirẹ̀, mi ò gbọ́ tìrẹ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi. Ó ní o ò bi òun nípa wáyà, o ò bi òun nípa eku tàbí iye wákàtí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi dákẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni o bi òun: pé owó ẹyọ yẹn, ṣé ojú ni wọ́n kọ síra ni, àbí ẹ̀yìn? Ó ní òun ò mọ̀, pé okùn ti tú kí òun tó kó wọn jáde. Ó ní o ní ó dáa, kò burú, o sì pa fóònù, pé ohùn rẹ dà bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Èyí ni ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Oyèlékè ń padà sí Ìsọlọ̀ lọ́la, mi ò sì fẹ́ kó sùn nílé kó tó fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Róòbù ìbàdí bàbá rẹ ti tán, ra méjì. Owó díẹ̀ tún ni, owó ọkọ̀ ni. Má fi í sí báńkì fún mi o, ìgbà ìkẹyìn tí mo lọ, wọ́n ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí wá, mo ní ọmọ mi mọ̀ mí, wọ́n ní dà á, mo padà sílé. Fún dẹ́rẹ́bà ní owó ọkọ̀ náà lọ́wọ́, kí o sì jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ti búrẹ́dì, bí o bá fẹ́ rà á, kó jẹ́ méjì, kó gùn, kí o sì sọ̀ kalẹ̀ lápá ilé Ìyá Súnkànmí kí o tó máa rìn bọ̀.

Kí Mọ́mì Ashraf fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o kí i. Sọ fún un pé mo dúpẹ́ oúnjẹ, àmọ́ ìhà àgbò ọdún tó ń bọ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣèlérí fún Oyèlékè pé mi ò ní ṣí ihò yẹn mọ́, òun náà sì ti fi ìdè irin tì í pa. Ṣùgbọ́n àwọn eku ibí yìí ti mọ ọ̀nà, wọn ò sì bá mi ṣèlérí, bí ó bá pẹ́ jù kí o tó wá, mi ò lè dúró fún wọn.

Ọlọ́hun á dáàbò bò ọ́ lọ́nà. Wáyà tí o so kò ní já, ìmọ́lẹ̀ rẹ kò ní kú, ibi gbogbo tí o bá sùn, o ó jí. Bí ojú ṣe ń rí ojú tí inú ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni kó rí fún wa kí òṣù yìí tó parí.

Nípa ohun tí o bi Oyèlékè: ojú ni wọ́n kọ síra, Àjíbíkẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi dè wọ́n. Ojú ni.

Èmi ni,
Ìsíátù,
ìyá rẹ ní Ìdí-Ẹmi àti l'Ékòó.